Ṣé gèlì ọtí tó láti dènà èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà?

Ìbéèrè:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú nílùú Ọba, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ijẹta ni èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ti mú mẹ́fà nínú àwọn àgbàlagbà tí à ń tọ́jú, wọ́n sì ní kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní norovirus ló fà á. Gèlì ọtí ara ògiri ni gbogbo wa ń fi pa ọwọ́ bí a bá ti ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn, síbẹ̀ àrùn náà ń ràn. Èmi náà bì lóru àná. Nígbà tí ara fúyẹ́ díẹ̀ láàárọ̀ yìí, máníjà ní kí n wá ṣe iṣẹ́ alẹ́. Ṣé kí n lọ?

Èsì kìíní:
Ẹ má lọ rárá. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí òṣìṣẹ́ dúró sílé títí wákàtí 48 yóò fi pé lẹ́yìn tó bì tàbí tó ṣu gbuuru kẹ́yìn, torí ara lè ti yá kí kòkòrò náà sì wà níbẹ̀. Gèlì kò fi bẹ́ẹ̀ pa norovirus. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ló ń fọ̀ ọ́ kúrò lọ́wọ́.

Èsì kejì:
Àbúrò mi, nọ́ọ̀sì ni mí, ìbọ̀wọ́ ló sì máa ń bà mí lẹ́rù jù. Mo ti rí òṣìṣẹ́ tó nu ìdí fún màmá kan tán, tó fi ìbọ̀wọ́ yẹn kan náà fa kọ́tìnì, tó fi tẹ bọ́tìnnì ibùsùn, tó tún fi gbé ife omi sí màmá lẹ́nu. Ó gbà tọkàntọkàn pé òun ń ṣe ìmọ́tótó! Ẹ bọ́ ọ sọnù níbẹ̀, kí ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ibi tí wọ́n bì sí, ẹ kọ́kọ́ nù ún mọ́, kí ẹ tó fi omi chlorine tí agbára rẹ̀ tó 1,000 ppm (ìdá 1,000 chlorine nínú mílíọ̀nù kan) nu ún, àti ọwọ́ ilẹ̀kùn àti irin tí àwọn bàbá ń dì mú rìn. Kí aláìsàn wà ní yàrá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa yà sọ́dọ̀ rẹ̀ léraléra, kí ẹ máa fún un lómi díẹ̀díẹ̀, nítorí àìtó omi lára ló ń yára dá àgbàlagbà dùbúlẹ̀.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun, mà. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí pé ilé ìtọ́jú yìí ló ṣe onígbọ̀wọ́ ìwé ìgbélùú mi.

Èsì kejì:
Mo mọ ẹ̀rù yẹn dáadáa. Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí máníjà, kí o kọ wákàtí tí o bì sí i, kí o sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Béèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n ti fi tó àwọn UKHSA (àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò ìlera ará ìlú) agbègbè yín létí, torí pé ẹni méjì péré tí irú àìsàn kan náà mú pọ̀ ti tó láti pè wọ́n, áńbọ̀sì mẹ́fà.