Kí ló mú kí ọkọ̀ òfuurufú ojú omi ti ológun jọ ti èrò tó bẹ́ẹ̀?

Tíṣà Ọ̀fà:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, mo sì fẹ́ fi ọkọ̀ òfuurufú tó ń balẹ̀ sórí omi ṣàlàyé fún wọn. Nígbà tí mo gbé àwòrán Short Sunderland tí àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣọ́ òkun sẹ́gbẹ̀ẹ́ Short Empire tó ń kó èrò àti lẹ́tà, díẹ̀ ló kù kí n ṣì wọ́n mú fún ara wọn. Boeing 314 ti Amẹ́ríkà náà kò jìnnà sí wọn. Ṣé wọ́n ń wo ara wọn ṣe ni, àbí omi ló fi dandan lé e?

Ará Jẹ́bà:
Ọ̀gá tíṣà, ọwọ́ omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí omi bá ń ta lu pùròpẹ́là, kíákíá ni yóò bà á jẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé apá lé téńté orí ara ọkọ̀ tó ga, tí wọ́n sì to ẹ́ńjìnnì mẹ́rin síwájú apá náà. Bí ara ọkọ̀ bá sì ti ga báyìí, àyè àjà méjì ti yọ nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ èrò ni yóò wọ̀ ọ́ tàbí ológun. Ẹ tún wo abẹ́ ọkọ̀ náà: nítòsí àárín, wọ́n gé e sókè lójijì. Ẹni tó bá ti gbé àwo pẹrẹsẹ lé ojú omi, tó wá fẹ́ fà á sókè, á mọ bí omi ṣe ń dì í mú. Igé yẹn ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè wọ abẹ́ ọkọ̀, kí omi lè jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń sáré láti gbéra.

Ọmọ Ìgbómìnà:
Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má fojú fo ọwọ́ ènìyàn. Ilé-iṣẹ́ kan náà, Short Brothers, àti ayàwòrán-ẹ̀rọ kan náà, Arthur Gouge, ló wà nídìí Empire tó kọ́kọ́ fò ní oṣù Keje 1936 àti Sunderland tó tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹwàá 1937. Ìrù ni ìyàtọ̀ tó wù mí jù. Ìbọn tí wọ́n gbé sí ìrù Sunderland fa ìwọ̀n ọkọ̀ sẹ́yìn, ni wọ́n bá ní láti dá apá rẹ̀ náà sẹ́yìn díẹ̀ kó lè dọ́gba. Boeing pàápàá kò fi iṣẹ́ tó ti ṣe ṣòfò: láti ara apá XB-15, ọkọ̀ òfuurufú tó ń ju bọ́ǹbù, ni apá 314 ti wá.

Alágbẹ̀dẹ Ìlọrin:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ kúrò lọ́nà yín. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì so ohun tó ń léfòó mọ́ abẹ́ apá, kí ọkọ̀ má baà dojú dé. Do X ti Dornier, ará Jámánì, tó fò ní 1929 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 12, kò ní irú rẹ̀. Apá kúkúrú tó gbòòrò ló yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ níbi ojú omi gan-an. Irú èyí ni Boeing 314 lò, orí rẹ̀ sì ni èrò ń tẹ̀ wọlé. Nítorí náà, bí a bá wò ó láti ojú omi, Do X ló jọ jù, kì í ṣe Sunderland. Boeing yìí ni BOAC, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, fi ń kó èrò wá sí Èkó nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Ọmọ Ìgbómìnà:
Mo gbà bẹ́ẹ̀, ẹ ṣeun. Tíṣà, ẹ fi Sandringham kún àwòrán yín: Sunderland ni, tí wọ́n yọ ìbọn rẹ̀ kúrò, tí wọ́n tún imú àti ìrù rẹ̀ ṣe, tí wọ́n sì to àga èrò sínú rẹ̀.