Iṣẹ́ wáyà tẹlifóònù lọmọ mi fẹ́ kọ́

Ìyá Bọ́lá (Luton): Ẹ kú ilé o. Àbúrò Bọ́lá, ọmọ ọdún 18, ní òun ò lọ yunifásítì mọ́. Iṣẹ́ wáyà tẹlifóònù lòun fẹ́ kọ́, wọn á sì máa sanwó fún òun bóun ṣe ń kọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ láti àná.

Bàbá Kúnlé (Milton Keynes): Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ sọ fún ọkọ yín pé ọmọ bíríkìlà láti Poplar ní London ló kan ẹ̀rọ Colossus, kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí wọ́n fi tú àṣírí ogun. Tommy Flowers. Ó kọ́ṣẹ́ ní Woolwich, ó ń lọ sílé-ìwé alẹ́, ó wá wọ iṣẹ́ Posọ́fíìsì lọ́dún 1926. Nígbà yẹn Posọ́fíìsì ló ni tẹlifóònù níbí, bíi P&T tiwa nílé. Nígbà ogun Hitler, àwọn ọ̀gágun Jámánì ń fi ẹ̀rọ Lorenz sọ ọ̀rọ̀ wọn di àdììtú. Flowers ní òun á fi fáàfù bíi 1,600 (gílóòbù inú rédíò àtijọ́ yẹn) kan ẹ̀rọ tí yóò bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì tú u, Colossus nìyẹn. Àwọn kan ní fáàfù ò ní pẹ́ jóná. Ó ní bẹ́ ẹ ò bá ti pa á, kì í jó. Títàn-pípa ló ń bà á jẹ́. Ìdí iṣẹ́ tẹlifóònù ló ti mọ̀ ọ́n! Oṣù 11 ni wọ́n fi kàn án ní Dollis Hill. Nígbà tí ogun fi máa parí, irú rẹ̀ 10 ló wà ní Bletchley Park, níbi tí wọ́n ti ń tú àdììtú àwọn Jámánì.

Àǹtí Ṣadé (Reading): Owó àpò Flowers wà nínú ẹ̀rọ yẹn o. £1,000 tí ìjọba fún un lẹ́yìn ogun ò tó o. Ó lọ yáwó ní báńkì láti kan irú rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ò lè ṣiṣẹ́. Kò sì lè sọ pé òun ti kàn án rí, àṣírí ìjọba ni.

Kọ́lá (Croydon): Ẹ kú àmójútó ọmọ, mà. Ẹni ọdún 34 ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ẹ yẹ físà rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù, kì í ṣe gbogbo físà ló gbà á. Kó tètè gba láísẹ́ẹ̀sì mọ́tò. Kó sì bi ara rẹ̀ bóyá òun lè gun òpó nínú òjò January, torí ẹsẹ̀ mi gbọ̀n lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Bàbá Kúnlé: Ẹ mú tọmọ-tọkọ wá. Colossus tí wọ́n tún kàn wà ní mùsíọ́ọ̀mù kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bletchley Park. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yàtọ̀ o. Èmi sanwó ti Bletchley Park, mo rò pé ó ti kárí. Ooru rẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ mọ̀ lára, kẹ́ ẹ tó rí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń sáré yí àgbá kéékèèké. Lẹ́tà 5,000 ló ń kà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kì í ṣí lójoojúmọ́, ẹ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó gbéra.

Ìyá Bọ́lá: Bàbá wọn ti kà á. Ó ní òun á wa mọ́tò. Ṣé a lè gbé jọ̀lọ́ọ̀fù wa dání?

Bàbá Kúnlé: Ẹ gbé e. Koríko wà lẹ́bàá adágún páàkì. Ẹ fi tèmi sí i.