Wọ́n ní àwọn yóò gbé mi lọ sí kóòtù nítorí gbèsè
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹja ni mo ń tà ní ọjà Olúwo, Ẹ̀pẹ́. Nínú ₦300,000 tí mo yá lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan, mo ti san ₦180,000 kí fírísà mi tó bàjẹ́, tí gbogbo ẹja inú rẹ̀ sì rà. Lánàá, àwọn agbowó wọn kọ “olè” sára àwòrán mi, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ mi. N kò sẹ́ gbèsè. Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 kò gbà kí wọ́n mú ènìyàn nítorí gbèsè lásán, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ni wọ́n fi ń halẹ̀ mọ́ mi báyìí. Ṣé kí n tètè kọ̀wé sí wọn pé n ó máa san án díẹ̀díẹ̀, tàbí kí n kó rìsíìtì mi pamọ́ de ìwé ìpè kóòtù?