Mò ń to àga, àmọ́ ọkàn mi ò tíì tẹríba

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí o. Ìkòròdú níbí ni mò ń gbé, ọdún 11 ni mo ti fi ń kọrin ní kúáyà, àfi bí pásítọ̀ ṣe gba máìkì lọ́wọ́ mi fún ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ lórin, wọ́n ní kí n lọ máa to àga. Mò ń tò ó o, àmọ́ tí ohùn ọmọ yẹn bá ti ya báyìí, inú mi á máa dùn (ẹ ẹ̀ rí ayé mi!). Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta torí ẹ̀, ni mo bá tún ń fi ààwẹ̀ yẹn yangàn nínú ọkàn mi bíi ti Farisí inú Lúùkù 18 yẹn. Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún pásítọ̀ ni, àbí kí n ṣáà máa to àga lọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti là á kọjá, báwo lẹ ṣe ṣe é?