Unilọrin tàbí Landmark fún àbúrò mi?

Ẹ kú ilé o. Omù-Àrán ni wá. Bàbá ní kí àbúrò mi obìnrin lọ Yunifásítì Landmark, ó kúkú wà nítòsí ilé. Oko ẹ̀gẹ́ la gbójú lé. Mo ní kó lọ Unilọrin. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

— Unilọrin! Ìjọba ló ni ín, NELFUND, àjọ ìjọba tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, á san owó iléèwé, á tún máa fún un ní 20,000 náírà lóṣù. Kò sí èlé. Wọn kì í yá ọmọ iléèwé aládàáni bíi Landmark.

— Owó ilé ńkọ́? Mo gbé Tánkè ní Ìlọrin fún ọdún mẹ́ta. Lánlọ́ọ̀dù mi fowó kún un lọ́dọọdún, kànga sì ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Kó tètè wá yàrá nínú ọgbà.

— Ẹ ṣé. Bàbá ní gbèsè ò wọlé òun rí. Mà á tún bá wọn sọ ọ́ lálẹ́, tí wọ́n bá ti jẹun.