Èdè Gíríìkì àtijọ́ pẹ̀lú Tíátà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́ Oníṣeré: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Tíátà ni mò ń kà ní Yunifásítì Ìbàdàn. A ṣe The Gods Are Not to Blame ti Ọlá Rótìmí ní sáà tó kọjá, eré tó sọ ìtàn Oedipus di ti ilẹ̀ Yorùbá. Láti ìgbà náà ló ti ń wù mí kí n ka ti Sophocles, òǹkọ̀wé eré Gíríìkì àtijọ́ tó kọ eré Oedipus, gan-an lédè tó fi kọ ọ́. Ẹ̀ka Classics, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́, wà ní fákọ́tì wa, wọ́n sì ń kọ́ni ní Gíríìkì. Ṣé kí n mú un mọ́ Tíátà? Ibo ni kí n gbà wọ̀ ọ́?

Bàbá Ìdánwò: Mú un, àbúrò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní sáà tí ẹ bá ń múra eré ńlá. Gíríìkì kì í ṣe ohun tí à ń rọ́ sórí nígbà tí ìdánwò bá ku ọ̀la. Álífábẹ́ẹ̀tì 24 yẹn kò tó nǹkan. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ẹjọ́ wà: ẹyọ kan ṣoṣo lè yí ìrísí padà ju ọgọ́rùn-ún lọ.

Ará London: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹni tó fẹ́ darí eré, ìtumọ̀ tó dáa ti tó o. Nígbà tí Ṣóyínká kọ The Bacchae of Euripides, àtúnkọ eré Euripides tóun náà jẹ́ òǹkọ̀wé eré Gíríìkì, fún National Theatre níbí ní 1973, òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nínú ìwé náà pé Gíríìkì òun ti dípẹtà fún ogún ọdún, pé ìtumọ̀ Gilbert Murray àti ti William Arrowsmith lòun gbára lé. Ta ni tiwa?

Ìyá Ègbè: Kí irin tó dípẹtà, ṣebí ó ti kọ́kọ́ mú? Ìbàdàn yìí náà ló ti kà á, kó tó lọ sí Leeds.

Àdùkẹ́ mi, torí ègbè ni kí o ṣe kọ́ ọ, ìyẹn àwọn tó ń kọrin tí wọ́n sì ń jó nínú eré Gíríìkì. Orin àwọn ègbè sábà máa ń wá ní méjì-méjì, èkejì á sì bá èkíní mu ní ìlà sí ìlà, ibi tí sílébù ti gùn àti ibi tó ti kúrú. Inú ìtumọ̀ kọ́ lo ti máa rí ìyẹn. Máa fọwọ́ lu tábìlì bí o ti ń kà á sókè, wàá gbọ́ ibi tí ìlù ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Olùdarí tó gbọ́ ìyẹn ti mọ ibi tó yẹ kí ijó ti padà. Àmì orí ọ̀rọ̀ wọn náà, ohùn tó ń lọ sókè sódò ni nígbà náà, kò yẹ kó bà wá lẹ́rù.

Ṣùgbọ́n má fi ègbè bẹ̀rẹ̀ o, ẹ̀ka-èdè míì ló dà pọ̀ mọ́ ọn. Lysias, tó máa ń kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń sọ ní kóòtù, ni kí o kọ́kọ́ kà. Ọ̀kan wà nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà tó jẹ́ pé ọkọ tó pa àlè ìyàwó rẹ̀ ló ń ro ẹjọ́ tirẹ̀ ní kóòtù Áténì. Eré orí ìtàgé ni tán. Lẹ́yìn rẹ̀, Medea ti Euripides, ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nìkan. Aeschylus, òǹkọ̀wé eré bíi tiwọn, le, fi í sílẹ̀ ná.

Ará London: Ìyá, mo gbà fún yín lórí ọ̀rọ̀ ìlù. Cambridge ń ṣe eré lédè Gíríìkì láti 1882, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni báyìí. Àdùkẹ́, ìkànnì Perseus àti Logeion wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún atúmọ̀ èdè, má ra ìwé ńlá.

Àdùkẹ́ Oníṣeré: Ẹ ṣeun gan-an ni. Àmọ́ yúnìtì mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.

Bàbá Ìdánwò: Lọ bá olùdámọ̀ràn ẹ̀ka rẹ kó o tó forúkọ sílẹ̀. Bí kò bá ti wọ yúnìtì, bẹ olùkọ́ kó jẹ́ kí o máa jókòó gbọ́.