Màmá ń sọ Yorùbá, òfin ní kí n dúró de ògbufọ̀

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ọ́fíìsì ṣẹ́rífù kan ní Texas ni mo ti ń gba ìpè 911 (nọ́ńbà pàjáwìrì ní Amẹ́ríkà), wákàtí 12 lóru. Ibi tí èèyàn wà la kọ́kọ́ máa ń béèrè, torí bí ìpè bá já, a ṣì lè rán èèyàn lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá àgbà kan pè: "Ẹ gbà mí o, bàbá ti ṣubú!" Yorùbá nìkan ni wọ́n gbọ́. Òfin wa ní kí n pe ògbufọ̀ orí fóònù. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, àmọ́ lójú mi, ọdún kan ni. (Bàbá yè é, a dúpẹ́.)

Mo ti bi ọ̀gá mi bóyá mo lè máa fi Yorùbá dáhùn; wọ́n ní n ò ní ìwé-ẹ̀rí èdè náà. Mo wá ìdánwò tí mo lè ṣe, n ò rí ti Yorùbá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí, báwo lẹ ṣe gba àṣẹ láti fi èdè wa dáhùn ìpè? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀ o.